Lésé-pasé, kánẹ́, àbí kí ọkọ̀ dúró sílé? Fún ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìlọrin kọjá bọ́dà

Nígbà tí àbúrò mi tó ń gbé ní Accra bímọ, mo ní mi ò wọ bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ mi ni mo máa gbé lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo kúrò ní Tánkẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Epo kún inú Corolla mi, ìwé ọkọ̀ pé, owó sẹ́fà wà lápò. Gbogbo ohun tó máa jẹ́ kí n wọlé ni mo ti rò. Ohun tó máa jẹ́ kí n jáde ni mi ò rò.

Nígbà tí mò ń bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ẹnubodè kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan tan iná fóònù rẹ̀ sí ìwé pélébé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ àlọ. Ó wo ìwé, ó yí lọ wo nọ́ńbà lẹ́yìn ọkọ̀, ó tún padà wá wo ìwé. Ó ní nínú àkọsílẹ̀ tàwọn, ọkọ̀ yìí ò tíì kúrò nílùú àwọn. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tó ti wọlé, kò sì jáde. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé láti ìta ni mo ti ń gbé e bọ̀?

Ẹ̀bi mi ni. Lọ́jọ́ àlọ, ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, kò sẹ́ni tó dá mi dúró, mo bá tẹná. Mi ò yà sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde. Inú ọkọ̀ ni mo sùn mọ́jú pẹ̀lú ẹ̀fọn, owó ìtanràn tí mo sì san nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ju èyí tí mo fún ọmọ tuntun lọ dáadáa. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìwé wo ni kóun gbà kóun lè wa ọkọ̀ òun kọjá bọ́dà, mi ò kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwọlé. Àbọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í.

Ohun tí aṣọ́bodè ń bẹ̀rù

Aṣọ́bodè ò bínú pé ẹ wá kí èèyàn yín. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ẹ ta ọkọ̀ sílùú wọn, kí ẹ má san owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé méjì tí a fẹ́ fi wéra yìí, lésé-pasé tí wọ́n ń kọ fún awakọ̀ lẹ́nubodè àti kánẹ́ tí ẹ ti máa gbà nílé, ìlérí kan ṣoṣo ló wà nínú wọn: ọkọ̀ yìí á jáde. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ẹni tó ṣe onídùúró fún ìlérí náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti yáwó rí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Bí ẹ bá mú onídùúró tó lówó lọ́wọ́ wá, ọkàn wọn á balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dúró fún ara yín, wọ́n á máa ka ọjọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó yàn, ẹ dáhùn ìbéèrè mélòó kan. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ẹ máa wọ ìlú onílùú. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìrò. Láti ibí sí Accra, ẹ ó wọ Benin, ẹ ó wọ Togo, ẹ ó wọ Ghana. Ní àbọ̀, ẹ ó tún wọ Togo, ẹ ó sì tún wọ Benin. Ìwọlé márùn-ún nìyẹn, ìjáde márùn-ún, ká má tíì ka ti Nàìjíríà tiwa mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ Abidjan lẹ ń lọ, ó di méje.

Èkejì, owó. Owó méjì ló wà níbí, ẹ má pa wọ́n pọ̀: owó tó lọ tí kò ní padà, àti owó tó há sọ́wọ́ ẹlòmíì títí ẹ ó fi dé. Ẹni tó lè san èkíní lè má lè fara da èkejì. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ẹ̀kẹrin, orúkọ ta ló wà lára ìwé ọkọ̀? Èyí tó kẹ́yìn ni èyí tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́: bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ síbẹ̀ pátápátá ńkọ́, tàbí tí olè jí i gbé?

Ìwé tí kò sẹ́ni tó lè sá fún

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, bí ọkọ̀ bá fi lè kọjá bọ́dà, àwọn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú dání. Àwọn èèyàn kan gbà pé àwa ará ECOWAS ò nílò ìwé kankan. Mo mọ alhájì kan tó máa ń ka òfin yẹn sí aṣọ́bodè létí bí ẹni ń ké kéwú: "Àdéhùn 1979! 90 ọjọ́!" Òótọ́ ló ń sọ. Ní Dakar, lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ará ìlú máa rìn fàlàlà, abala karùn-ún rẹ̀ sì sọ pé ọkọ̀ aládàáni láti orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ akérò, ọjọ́ 15 péré.

Ṣùgbọ́n alhájì ò kà á dópin. Àdéhùn náà ka ohun mẹ́rin sílẹ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn: láísẹ́ǹsì tí kò tíì kú, ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè náà gbà, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé. Ẹ rí i pé ìkẹrin yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Àdéhùn fún yín lẹ́tọ̀ọ́, kò fún yín níwèé. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn náà, òpin ibi tó lè gùn dé ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sórí ìwé tí wọ́n fún yín ni ọjọ́ yín, ìbáà jẹ́ mẹ́ta.

Ti ìnṣọ́ránsì, Brown Card ti ECOWAS ni. Ní Kútọnu ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀, lọ́dún 1982. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí ẹ ń bá ṣe ní Nàìjíríà ló máa fún yín, lórí ìnṣọ́ránsì tí ẹ ti ní. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ẹ bá kọlu ẹlòmíì ní Togo, bí ìnṣọ́ránsì Togo ṣe máa ń san fún ẹni tó fara pa ni wọ́n á ṣe san án. Kò tún ọkọ̀ tiyín ṣe o. Mo tún un sọ torí mo ti rí ẹni tó rò pé ó ń tún un ṣe.

Ìwé ọkọ̀ wá kù. Ẹ má kàn wò ó bóyá ó ti kú. Ẹ jókòó, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ ka nọ́ńbà ṣásì lára ọkọ̀ gan-an, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ fi wé èyí tó wà lórí pátíkúlà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Nínú nọ́ńbà yìí, wọn kì í lo lẹ́tà I, wọn kì í lo O, wọn kì í sì lo Q, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n pè ní oókan tàbí òdo. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "O" lórí ìwé yín, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe. Ìwé tèmi ní "O" kan láàárín àwọn nọ́ńbà, mo sì ti ń san owó ìsọdọ̀tun lé e lórí fún ọdún mẹ́rin, n kò mọ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Lẹ́nubodè, ìka ni wọ́n fi ń tọ̀ ọ́. Ẹ tún un ṣe ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti fún yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí ohun tí wọ́n bá rí lórí pátíkúlà ni wọ́n máa dà kọ sórí ìwé tiwọn.

Bí ọkọ̀ ò bá sí lórúkọ yín, tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n yín tàbí ti iléeṣẹ́, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ oní-nǹkan, kí ẹ sì fi ìbúra kóòtù tì í lẹ́yìn. Ẹ má ní "ọkọ̀ ìyàwó mi ni". Aṣọ́bodè ò sí níbi ìgbéyàwó yín.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ará Nàìjíríà nìkan. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba wa ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Etíkun nìkan ni ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá ń ti Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdìrókò wọlé, ojú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa máa kọ́kọ́ fi wò ó ni ojú fàyàwọ́. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà, ẹ mú ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ dání. Lọ́jọ́ àlọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sílẹ̀ níbi tiwa kí ẹ tó bọ́ sí òdìkejì, kí ẹ sì ya àwòrán ojú ìwé náà bí wọ́n bá gbà.

Lésé-pasé: owó kékeré, ojú ńlá

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ní ọ̀nà etíkun. Bí ẹ bá dé Benin tàbí Togo, ẹ ó wọ ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, wọ́n á gba ìwé ọkọ̀ tí àwọn ń pè ní carte grise, ẹ ó san owó sẹ́fà, wọ́n á sì kọ ìwé kan fún yín tó ní orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásì àti iye ọjọ́ tí ọkọ̀ lè lò. Laissez-passer ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Lẹ́nu àwa awakọ̀ ó ti di lésé-pasé. Bí ẹ bá lọ jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn, bí i Senegal, passavant lẹ máa gbọ́. Ghana ní irú tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Dídára rẹ̀ ni pé kò gba ìmúrasílẹ̀. Ẹ lè pinnu lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ gbéra ní Jímọ̀. Kò sí owó tó há sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iye tí wọ́n ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í wọni lára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìṣirò tá a ṣe lókè: ìgbà márùn-ún lẹ máa gbà á fún àlọ àti àbọ̀ Accra. Ẹni tó bá ṣírò owó ìgbà kan péré, tó wá lo sẹ́fà rẹ̀ tán sórí ẹja yíyan ní Kútọnu, á kan ìyà ní àbọ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ni onídùúró níbí. Kò sí ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn yín. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi máa ń kéré, tí ìtanràn sì máa ń tètè dé. Kí ẹ tó kúrò lójú tábìlì, ẹ ka ìwé náà, bí ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ Faransé. Nọ́ńbà ò ní èdè. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣásì, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ìwé máa kú. Bí ọjọ́ ò bá tó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ pẹ́ sí i, ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù nínú ìlú lẹ máa lọ kí ìwé tó kú. Bó bá ti kú tán, ohun tí ẹ bá sọ, àwáwí ni.

Nígbà tí ẹ bá ń jáde, kò sẹ́ni tó máa pè yín. Mo ti sọ tèmi. Ẹ páàkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá ọ́fíìsì, ẹ fún wọn ní lésé-pasé yín kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tàbí kí wọ́n gbà á padà. Bí wọ́n bá gbà á padà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Gbogbo rẹ̀ lè má gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Àwọn àjẹńtì máa yí yín ká. Àwọn kan wúlò, pàápàá fún ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ẹ dá owó wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn dé ojú tábìlì. Àjẹńtì tó bá ní kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀, òun ń bọ̀, ìwé yín lẹ fi sílẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí ẹ béèrè rìsíìtì náà, kí ẹ sì wò ó bóyá iye tó wà lórí rẹ̀ bá iye tó gbà lọ́wọ́ yín mu.

Bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ pátápátá ní ìlú onílùú, lésé-pasé ò ní òògùn fún un. Ẹ lọ fi tó kọ́sítọ́ọ̀mù létí kí ọjọ́ tó pé, pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá bó bá jẹ́ ìjàm̀bá tàbí olè. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì wálé, lójú tiwọn ẹ ti tà á nìyẹn.

Kánẹ́: ìwé olówó, onídùúró gidi

Orúkọ rẹ̀ gùn: Carnet de Passages en Douane. Kánẹ́ là ń pè é. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní New York lọ́dún 1954 fún ọkọ̀ aládàáni ló gbé e dúró, àjọ FIA, tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ eré ìje ọkọ̀, sì ni àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń fún èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé lẹ ti máa gbà á. Ẹ ò lè dé ẹnubodè kí ẹ ní ẹ fẹ́ rà á.

Ìwé ni, ó lójú ewé márùn-ún, tàbí mẹ́wàá, tàbí márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ojú ewé kan, torí bí ẹ bá mọ ọ̀kan, ẹ mọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Bí ẹ bá wọlé, aṣọ́bodè á ya ìsàlẹ̀, á mú un. Bí ẹ bá ń jáde, wọ́n á ya àárín, wọ́n á mú un. Òkè ò ní kúrò lára ìwé yín. Òǹtẹ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Bí ẹ bá ṣí i nílé tí òkè ojú ewé kan ní òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Ìwọlé kan, ojú ewé kan. Ẹ padà sí ìṣirò wa: Accra lálọ-lábọ̀ máa jẹ olójú ewé márùn-ún tán pátá, kò ní ku ẹyọ kan. Bí ẹ bá wá ní kí ẹ dẹ́sẹ̀ dúró ní Lómè kí ẹ tún sáré padà sí Kútọnu lọ kí ọ̀rẹ́, kánẹ́ yín ti tán. Ti Abidjan, ẹ gba olójú ewé mẹ́wàá. Ọdún kan ló máa ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́.

Onídùúró yín ni ẹgbẹ́ tó fún yín. Bí ọkọ̀ ò bá jáde ní ìlú kan, ìjọba ìlú yẹn ò wá yín kiri. Ẹgbẹ́ ni wọ́n máa kọ̀wé sí pé kó san owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé. Kí wọ́n tó fún yín, ẹ ó fi owó sílẹ̀ fún wọn, tàbí kí báńkì yín tàbí ìnṣọ́ránsì bá yín dúró. Iye rẹ̀ wà lọ́wọ́ iye tí ọkọ̀ yín tó àti ìlú tí ẹ ń lọ. Ìlú tí owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ bá le, owó yẹn lè tó iye ọkọ̀ tàbí kó jù ú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó ìwé fúnra rẹ̀ wà tí kì í padà. Èyí ni mo pè ní owó tó lọ àti owó tó há. Ọ̀dọ̀ kánẹ́, èkejì ló wúwo.

Bí ẹ bá dé, ẹ ó dá ìwé padà fún wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ewé dé ojú ewé, kí wọ́n tó tú owó yín sílẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ràn kánẹ́ ju lésé-pasé lọ rèé: bí aṣọ́bodè kan bá gbàgbé òǹtẹ̀ ìjáde, ọ̀nà àbáyọ wà. Ojú ìwé kan wà lẹ́yìn tí kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí ọlọ́pàá nílùú yín lè fọwọ́ sí, pé àwọn fi ojú ara àwọn rí ọkọ̀ náà nílé, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásì rẹ̀. Ká ní mo ní kánẹ́ ní àlẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí n má bá ẹ̀fọn sùn.

Àléébù rẹ̀ ò kéré. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde. Benin, Togo àti Ghana ò sọ ọ́ di dandan. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n lésé-pasé á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí kì í rí i lójoojúmọ́ lè lu òǹtẹ̀ ìwọlé sí ibi ìjáde, ẹ̀yin lẹ sì máa fi ọwọ́ hàn án, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsọ pé kò mọ iṣẹ́. Ibi tí kánẹ́ ti di dandan ni Ijibiti, àti lókè òkun lọ́hùn-ún ní Iran, Pakistan àti India. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá rí ọmọ Nàìjíríà tó ń wakọ̀ la Áfíríkà já dé Ijibiti, ó yẹ kí kánẹ́ wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ nípa TIR, ti ẹrù inú tírélà ni. Kò kàn yín.

Kí ọkọ̀ dúró sílé

Àwọn èèyàn kì í ka èyí sí yíyàn kan, ó sì yẹ kí wọ́n kà á. Ẹ gbé ọkọ̀ dé Èkó, ẹ fi sọ́gbà mọ̀lẹ́bí, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Kútọnu tàbí Accra. Kò sí onídùúró, kò sí òǹtẹ̀ ọkọ̀, kò sí ìfòyà. Ìwé ara yín nìkan ló kù: páásípọ́ọ̀tì tàbí ìwé ìrìnnà mìíràn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS gbà, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ohun tí ẹ pàdánù ni bọ́ọ̀tù, àti òmìnira pé kí ẹ dúró níbi tó wù yín. Bí ẹ bá máa lo ọjọ́ mẹ́ta péré, tí ẹ jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì, mo rò pé ẹnikẹ́ni tó bá fi owó epo, owó lésé-pasé márùn-ún àti àárẹ̀ ara sórí ìwọ̀n á rí i pé bọ́ọ̀sì ló borí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà

Ṣé Sẹ̀mẹ̀ nìkan ni ọ̀nà? Rárá. Ìdìrókò sí Ìgóló dára fún ẹni tó ń lọ Àjàṣẹ́. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ Ìpo, ẹ má bínú, Porto-Novo ni mò ń wí. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé Nàgó, tí í ṣe Yorùbá, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ní òdìkejì, ẹ lè fi ẹnu ara yín ṣàlàyé.

Kwara tiwa náà ní bọ́dà: Chikanda ní Baruten, tó kọjú sí Nikki, tí ọ̀nà ibẹ̀ ń lọ Parakou. Ọmọ Ọ̀fà tó ní ẹbí ní Tamale lè rò pé ibẹ̀ ló súnmọ́. Àwọn ará Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń na ọjà ní àríwá Ghana tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba Busia tó lé àjèjì lọ ní 1969, okùn ẹbí sì ṣì wà. Lójú àwòrán ilẹ̀, ó súnmọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà ti gbogbo bọ́dà orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹnubodè mẹ́rin péré, tí Sẹ̀mẹ̀ wà nínú wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní oṣù kejìlá 2020. Ìdìrókò di 2022. Nítorí náà, ẹ pe ẹnìkan tó wà ní Kosubosu tàbí Chikanda gan-an lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra, kí ẹ bi í bóyá ọkọ̀ aládàáni ń gba ìwé kọjá níbẹ̀. Èdè Bàrùbá ni wọ́n ń sọ lápá méjèèjì, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń lọ Kútọnu tàbí Lómè fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì le: lésé-pasé, kó má wo ẹ̀yìn. Ìdílé tó ń kó ọmọ mẹ́rin lọ Accra fún ìsinmi náà, lésé-pasé ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n ya àpò ìwé kan sọ́tọ̀ kí ẹnì kan nínú wọn máa mójú tó o. Nílé tèmi, ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe é, kì í gbàgbé.

Ẹni tó máa lo oṣù mẹ́ta lọ́nà, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tàbí tó ń lọ kọjá Ghana sí Abidjan àti Dakar: kánẹ́, bó bá ní owó tó lè há fún ọdún kan tí ebi ò ní pa á. Bí owó yẹn bá jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ, kó má dán an wò.

Oníṣòwò aṣọ òkè tó fẹ́ di ogójì ìró sí bọ́ọ̀tù nítorí pé ọkọ̀ aládàáni ni: kò sí èyí tó bá a mu nínú ìwé méjèèjì. Ẹrù ìṣòwò ní ìwé tirẹ̀, ọkọ̀ aládàáni tó bá gbé e ti kúrò ní aládàáni lójú aṣọ́bodè. Kó fi aṣọ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí òun wọ bọ́ọ̀sì.

Ọkọ̀ tó ti ń mu epo ẹ́ńjìnnì láti Ọ̀ffà Garage dé Pàkátà, ilé ni kó wà. Ọkọ̀ ẹlòmíì tí ẹ ò tíì gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ilé ni kó wà.

Àbúrò mi ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì báyìí. Ọjọ́ méjì péré ni mo lè gbà kúrò níbi iṣẹ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, mo sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ Corolla fún ìyàwó mi. Ó ní ṣé kí òun gbé e dé Ọmù-Àrán ni. Mo ní kó kọ́kọ́ tún "O" yẹn ṣe lórí pátíkúlà.